Ọ́ìlì Jíà Tí Kò Bàjẹ́

Nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a sin ìyàwó mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Òmù-Àrán, ìyá rẹ̀ wà ní Èsìẹ́, nínú yàrá, àwọn obìnrin sì jókòó tì í kí ó má baà dìde. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́. Ohun tó kù fún un ni kí èmi tí mo wà níbẹ̀ lọ bá a, kí n jókòó síwájú rẹ̀, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ bí a ti ṣe é: aṣọ tí a wọ̀ fún ọmọ rẹ̀, ẹni tó gbàdúrà, ibi tí a kọjú orí rẹ̀ sí. Ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ọkọ ló ń sọ ọ́.

N kò lọ.

Èsìẹ́ kò jìnnà. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Òmù-Àrán lè lọ kí ènìyàn níbẹ̀, kó sì padà wá jẹ ti ọ̀sán nílé. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, a kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kí a tó lọ. Èmi a wa ọkọ̀, òun a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a máa sọ fún mi ní gbogbo ọ̀nà pé mò ń sáré jù. Kí a tó yà sí àdúgbò wọn, Ìyá a ti gbọ́ ìró ọkọ̀ wa, a ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn gan-an ni ọkàn mi kò gbà: kí Ìyá gbọ́ ìró ọkọ̀, kí ó jáde, kí ó máa wò, kí ó sì jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yóò ṣí.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti padà síbi iṣẹ́ wọn, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù. Kò sọ pé kí n wá. A béèrè bóyá mò ń sùn, bóyá mò ń jẹun, lẹ́yìn náà a ní, "Tíṣà, a ò tíì rí ọ o." Tíṣà ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, tí kò sí ẹni tí mò ń kọ́ mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ara mi ò yá, òótọ́ sì ni. Nígbà tó tún sọ ọ́, mo ní ọkọ̀ ni. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ọtọmátíìkì ni ọkọ̀ wa, mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì bí jíà irú rẹ̀ ṣe máa ń bàjẹ́, ni mo bá ń kà á sí Ìyá létí bí ẹni ń ka ìwé. Mo ní jíà rẹ̀ ń yọ̀, pé ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í gbéra, pé wọ́n ní kí n má gbé e jáde títí a ó fi pààrọ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀. Ìyá kẹ́dùn. Ó ní kí n má fi ẹ̀mí mi wewu, ẹ̀mí kan ti lọ tó. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ̀ náà wà níta, kò ṣe nǹkan kan. Òun ni mo wà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Irọ́ tó bá ti gbani lẹ́ẹ̀kan, a kì í jù ú nù. Mo lo ti jíà yìí títí òjò fi dá, tí ọyẹ́ fi dé. Ìyá mọ̀ pé ọkọ̀ akérò ń ná Èsìẹ́ sí Òmù-Àrán láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ó mọ̀ pé ọ̀kadà wà, ó sì mọ̀ pé èmi náà mọ̀. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ì bá ti sọ ọ́, ì bá ti bínú sí mi, ara ì bá tù mí.

Ẹni tó pè mí níkẹyìn ni àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin. Àgbẹ̀ ni, iṣu ló ń gbìn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi ṣe àwàdà. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àna ni àna, kò sí àna kékeré. Èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un, òun ló sì ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Ọkọ wa," ló wí, "mò ń bọ̀ lọ́la. Ìyá ní kí n wá fi ojú ara mi rí ọkọ̀ yìí. Bó bá gba okùn, a ó fi okùn fà á wá sí Èsìẹ́."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," mo dá a lóhùn. "Ó máa tó dáa."

"Ta ló ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu? Ẹsẹ̀ mi ló ń yún mi. Ẹ sáà dín ẹyin dè mí."

Mo ronú títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un, kí n ní ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, ohun tó máa lọ sọ fún Ìyá ni pé Tíṣà ń sá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Mo wá rí ọ̀nà kan tó dà bí ọgbọ́n lójú mi nígbà náà. Ọkọ̀ tí a ti tú ọ́ìlì jíà rẹ̀ sílẹ̀ kò lè rìn. Ẹni tó bá wí pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè rìn kò purọ́. Mo fẹ́ kí àna mi bá mi lábẹ́ ọkọ̀, kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, kí ó rí i, kí ó sì lọ ròyìn. Bó bá ti lọ, n ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ayé ó padà bó ṣe wà. Kẹ́mísírì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ bí a ti ń to nǹkan títí yóò fi jọ òótọ́.

Mo lọ ra ọ́ìlì náà ní òwúrọ̀, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí òjìji wà, mo fi jáàkì gbé imú rẹ̀ sókè, mo fi igi ńlá ti táyà ẹ̀yìn. Mo tẹ́ ẹní ògbólógbòó kan sílẹ̀, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí a ń tú yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wọ́n sún mọ́ra, ẹni tí kò bá ṣọ́ra á tú ọ̀kan fún èkejì. Mo ṣọ́ra. Mo kàwé náà lábẹ́ ọkọ̀, mo fi ìka tọ́ ọ, mo fi sípánà sí i, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dẹ̀ jẹ́jẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo ti ṣe iṣẹ́ kan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo ti gbé bàsíà kan sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì náà tú dà sínú rẹ̀, mo dúró wò ó. Ó pọ́n, ó mọ́ gaara, ìsàlẹ̀ bàsíà ń dán láti inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó gbó a máa dúdú, a sì máa rùn bí nǹkan tó jóná. Èyí kò rùn. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìyàwó mi ti gbé ọkọ̀ yìí lọ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kí àìsàn tó dá a dúbúlẹ̀. Òun ló máa ń rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èmi a kàn máa wà á. Ó ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé òun ti ṣe é, mo sì ní ó ṣeun láìgbé ojú sókè nínú ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kán sínú bàsíà yìí. Ó yẹ kí n dá nọ́ọ̀tì padà nígbà náà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti ń gbọ́ ìró alùpùpù.

"Háà!" Ohùn àna mi ni. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rí láti abẹ́ ọkọ̀. "Irú ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyí, ọkọ wa? Ẹ̀yìn lẹ fi ń kí àna yín lónìí?"

Mo fa ara mi jáde, mo yí ojú bolẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un bó ti yẹ. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ ti di mẹkáníìkì lọ́jọ́ ogbó. Àwọn ọmọ tí ẹ nà nílé ìwé kò gbọdọ̀ rí yín báyìí, wọ́n á gbẹ̀san." Ó bẹ̀rẹ̀ síbi bàsíà. "Èyí ló bàjẹ́ yìí? Ó mà pọ́n bí epo tuntun. Bí ẹ bá gbé e fún mi nínú òkùnkùn, màá fi jẹ iṣu."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bó bá ti gbó," ni mo wí.

"Ó máa ń pọ́n?"

"Ó máa ń pọ́n."

Ó mi orí. "Ìwé dára o."

Ó rìn yí ọkọ̀ ká, ó ń wo ohun tí kò mọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó dúró. Mo ti to sípánà, àrọ tí mo fẹ́ fi da ọ́ìlì àti àkísà sórí símẹ́ńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ibẹ̀ ló tẹ́jú, ọwọ́ mi sì lè tó o láti abẹ́ ọkọ̀. Símẹ́ńtì sàréè ìyàwó mi ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára rẹ̀. N kò sì rí i lọ́jọ́ náà, àfi bí tábìlì.

"Ọkọ wa," ló wí, kò sì sí àwàdà nínú ohùn rẹ̀ mọ́, "orí Àǹtí lẹ to irin sí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn kúrò, ó gbé wọn sílẹ̀ nínú yanrìn. Ọ́ìlì ti kán síbẹ̀ díẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nù ún.

"Ẹ ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ dúró bí ère òkúta ìlú wa."

Bóyá kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò nílẹ̀ ló ṣe yọ fóònù jáde tó pe Ìyá. Ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí èmi náà lè gbọ́. "Ìyá, òótọ́ ni o. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo bá wọn. Wọ́n ti tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kò lè lọ ibì kankan."

Mo gbọ́ tí Ìyá mí kanlẹ̀. "Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ṣé Tíṣà wà níbẹ̀? Tíṣà, má kánjú. Ṣe iṣẹ́ rẹ jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá lè wá bá ni, àwa la ó lọ bá a. Mo ti wọṣọ. Ọkọ̀ akérò kan ti ń kérò níwájú ibí."

"Ìyá, ẹ ń lọ síbo?" àna mi kígbe.

"Ilé ọmọ mi."

"Ìyá, ẹ ò gbọdọ̀..."

"Mo mọ ohun tí n ò gbọdọ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Màá fi gèlè di ojú mi láti ọ̀nà. Ẹ̀yin ó fà mí lọ́wọ́ wọlé, ẹ ó fà mí jáde. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́, n ò fẹ́ rí nǹkan."

Ó pa fóònù.

Èmi àti àna mi wo ara wa. Ilé mi kò ní ògiri yíká. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ojú títì, sàréè náà ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní òbí tó bá rí i kì í pẹ́ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀. Mo kàwé, n kò lè sọ pé mo gba ìyẹn gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sì lè sọ pé n kò gbà á gbọ́. Èyí tí mo mọ̀ dájú ni pé obìnrin tí kò ṣẹ̀ sí àṣà yìí rí láyé rẹ̀, tó jókòó sínú yàrá lọ́jọ́ tí à ń sin ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ń di gèlè mọ́jú wá bá mi, nítorí mo ní jíà ọkọ̀ mi bàjẹ́.

"Ẹ dá a padà!" àna mi ń kígbe bó ti ń sáré sídìí alùpùpù. "Ẹ da ọ́ìlì yẹn padà, kí ẹ máa bọ̀! Èmi á lọ dá wọn dúró lọ́nà!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá bàsíà, ọ́ìlì náà dà sínú yanrìn, ó sì ti lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Ohun tó dà nù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíà, iye tó jáde ni a ń wọ̀n, iye kan náà ni a sì ń dá padà, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde, díẹ̀ a máa fara pamọ́ sínú. Lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, a ó sún ọ̀pá jíà láti P títí dé L, a ó sún un padà, a ó sì fa gèéjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo ti kà á ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ wọ̀n ti wọ ilẹ̀ lọ, mo sì ń gbọ́ ohùn Ìyá tó ní kí n má kánjú.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo dá nọ́ọ̀tì padà, mo fún un. Mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó wọlé. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, mo fa gèéjì yọ, mo ki àrọ sínú ihò rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì tuntun. Ihò náà há. Ọ́ìlì kì í sáré. Obìnrin kan ní àdúgbò wa ń kọjá pẹ̀lú igi ìdáná lórí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé ara ti ń gbà á?" Mo ní ó ń gbà á. Ó dúró, ó fẹ́ bá mi kẹ́dùn dáadáa bí ènìyàn rere ti ń ṣe, n kò sì lè sọ fún un pé kó máa lọ. Mo ń wo ọ́ìlì tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àrọ bí ẹni ń wo òjò tí kò fẹ́ dá.

Fóònù dún. "Mo ti dá wọn dúró!" àna mi wí. Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "A wà níbi àwọn oníṣu, kí ẹ tó jáde tán ní Òmù-Àrán. Wọn ò fẹ́ gun ẹ̀yìn alùpùpù mi padà. Wọ́n ní bí ẹ ò bá wá báyìí, ọkọ̀ mìíràn làwọn ó wọ̀. Ọkọ wa, n ò lè di ìyá mi mú lójú títì o!"

Mo fa àrọ yọ. Mo wo gèéjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì tutù, ó wà ní pípa, èyí tí ìwé ní a kò gbọdọ̀ ṣe. Ó dà bí ẹni pé ó tó. Mo ju ọ́ìlì tó kù sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì gbé e lọ.

Orí àpótí kan tí àwọn oníṣu yá a ni Ìyá jókòó sí, ó kọjú sí ọ̀nà tí mo máa gbà wá. Ó ti rù sí i. Ó ti tú gèlè rẹ̀ kúrò lórí, ó ká a ní ìká tóóró, ó gbé e lé itan. Ìká tí a fi ń di nǹkan ni. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku níwájú rẹ̀, níwájú àwọn oníṣu, pẹ̀lú ọ́ìlì lára aṣọ mi. N kò fẹ́ dìde.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Wo bí o ṣe rí. O ti fi ara rẹ ṣe àkísà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Kí lo ṣe tí o ń bẹ̀? Gbé mi lọ sílé."

Èsìẹ́ ló ń wí. Kò dúró kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un níbi tó máa ń jókòó sí. Ó ṣí ti iwájú fúnra rẹ̀, ó wọlé. Àna mi gun alùpùpù rẹ̀, ó tẹ̀lé wa.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kan, mo tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ kò gbéra. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ké sókè bí ẹran tí wọ́n so, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí n tó tẹ bíréèkì. Ọ́ìlì tí mo dà kò tó. Gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un lórí fóònù, láti ìgbà òjò, ló ń ṣe níwájú rẹ̀ bí mo ti sọ ọ́ gan-an.

Ìyá di iwájú ọkọ̀ mú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó wò mí.

"Òótọ́ mà ni," ló wí.

Mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, má bínú sí mi. Mo ti sọ fún ọmọ yẹn pé irọ́ ni. Ìdí tí mo fi rán an wá nìyẹn. Mo ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀ náà, mo ní o ń sá fún mi ni, pé ọmọ mi ti lọ, o ti pa wá tì. Mo sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn. Ọkọ̀ rẹ rí báyìí, o sì tún gbé e wá pàdé mi." Ó pa ọwọ́ pọ̀. Àgbà, àna, ìyá ìyàwó mi, ó pa ọwọ́ pọ̀ sí mi nínú ọkọ̀. "Dárí jì mí."

"Ìyá, ẹ má bẹ̀ mí," mo wí. "Ẹ má bẹ̀ mí, mà."

Ó gbà á pé ẹ̀mí ìrẹ̀lẹ̀ ló ń mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹnu mi ṣí, mo mọ̀ pé ó ṣí nítorí eruku wọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Ojú tó ti le láti ìgbà tí mo ti dọ̀bálẹ̀ níbi àwọn oníṣu ti rọ̀, ó ti di ojú ìyá tó mọ̀ pé a kò kọ òun sílẹ̀. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, mo da ọ́ìlì tó kù sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, bó ti yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì wo gèéjì dáadáa. Ọkọ̀ gun òkè náà láìkùn.

Ní Èsìẹ́, ó ní kí àna mi lọ wo iṣu rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó sórí àga tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí. Kò tún béèrè nǹkan kan. Ó kàn ń dúró.

Mo sọ ọ́. Mo sọ aṣọ tí a wọ̀ fún un, èyí tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ rán nígbà ìgbéyàwó àkọ́bí wa. Mo sọ àdúrà tí pásítọ̀ gbà, àti orin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí n kò lè bá wọn kọ. Mo ní ìwọ̀ oòrùn ni orí rẹ̀ wà, tí ojú rẹ̀ kọ sí ìlà oòrùn. Ìyá ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni, tó ń tò ó. Nígbà tí mo ṣe tán, ó béèrè ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀.

"Ṣé oòrùn ń pa á níbẹ̀?"

"Rárá, mà. Láti ọ̀sán ni òjìji ilé máa ń bò ó."

"Ẹ̀ ń gbá ibẹ̀?"

"À ń gbá a, mà."

"Ẹ kì í gbé nǹkan lé e?"

Mo gbọ́ alùpùpù àna mi tó ń padà bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo wo ilẹ̀. "A kì í gbé nǹkan lé e, mà."

Ó sunkún nígbà náà, jẹ́jẹ́, kò pẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ báyìí, ọkàn òun á lè jókòó.

Mo ń lọ sí Èsìẹ́ déédéé nísinsìnyí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń ṣí, Ìyá sì ń jáde síbẹ̀. Ó ti sọ ìtàn náà kárí àdúgbò wọn, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí àna òun ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó tún un ṣe nínú eruku, tó sì fi ọkọ̀ tí kò lè gun òkè wá gbé òun, kí òun má baà rí ohun tí òbí kì í rí. Àwọn ènìyàn ń dá mi dúró lọ́nà kí mi. Wọ́n ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Àna mi nìkan ni kì í bá wọn dá sí i. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, a bojú wò mí, a sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo ti rò ó pé kí n sọ òtítọ́ fún un. Ṣùgbọ́n èmi ni ara máa tù bí mo bá sọ ọ́. Òun ni yóò wá mọ̀ pé ohun tó fura sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, pé ọkọ ọmọ rẹ̀ sá fún un lóòótọ́, ó sì tú iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ dà kí ó lè ráyè sá. Nítorí náà mo kọ ọ́ síbí. Ìyá kò mọ ìwé kà. Kí n má parọ́ mọ́, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n lè kọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ máa padà, ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó di ojú, ó gbàdúrà fún mi sókè, àwọn aládùúgbò sì ń gbọ́. Ó ní ọmọ kan ni ikú mú lọ́wọ́ òun, pé ọ̀kan tó kù fún òun ní Òmù-Àrán kì í purọ́, kì í sì í sá. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ tán lọ́wọ́ òun.

Gbogbo wọn ń dúró. Mo ní, "Àmín, mà."